Fífa Ìwé Ya: Bí Pépà Lásán Ṣe Ń Mú Ọwọ́ Le

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ yín lágbára lóòótọ́, ẹ ka 40 ewé pépà A4, ẹ gún un mọ́lẹ̀ kí etí rẹ̀ dọ́gba, kí ẹ wá gbìyànjú láti fà á ya sí méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ń gbé irin ńlá ní jíìmù lè ṣe é tì. Ẹni tí àyà rẹ̀ kò tó nǹkan, tó jẹ́ pé iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe, lè ya á bí ẹní ń ya ewé ẹ̀kọ.

Ohun tó mú ìyàtọ̀ wá kì í ṣe agbára èjìká. Ìdìmú ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìdárayá yìí ló gbà pé fífà ni gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀. Wọn a máa fi èjìká fà, ojú a le, eyín a wa pọ̀, pépà a sì máa yọ̀ lọ lábẹ́ ìka wọn. Pépà tí a kò bá dì mú dáadáa kò ní ya, bó ti wù kí a fà á tó. Tí a bá sì ti dì í mú bó ṣe yẹ, agbára tí fífà rẹ̀ ń gbà kò pọ̀ tó bí a ṣe rò. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró lé.

Ẹran tó ń ká àwọn ìka wọlé kò sí nínú àtẹ́lẹwọ́. Apá ló wà, láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́; okùn iṣan rẹ̀ ló gba ọrùn ọwọ́ kọjá lọ so mọ́ egungun ìka. Ẹ gbé ọwọ́ òsì lé apá ọ̀tún, kí ẹ máa ká ìka ọ̀tún wọlé, ẹ ó rí i bó ṣe ń rìn lábẹ́ awọ. Ti àtàǹpàkò yàtọ̀: òun ní ẹran tirẹ̀ ní ìdí rẹ̀, èyí tó wú yọ nínú àtẹ́lẹwọ́. Irin onísípíríǹgì tí àwọn ọmọ jíìmù máa ń fún mọ́wọ́ ń ṣiṣẹ́ fún ìka mẹ́rin ju àtàǹpàkò lọ. Fífa ìwé ya kò rí bẹ́ẹ̀. Àtàǹpàkò ló ń tẹ ìwé mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìka ìfábẹ̀lá, ọrùn ọwọ́ méjèèjì ń yí sí òdìkejì ara wọn, àwọn ìka yòókù sì ń há ìwé mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Mi ò tíì rí ohun mìíràn tí owó rẹ̀ kéré báyìí tó ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní Èkìtì níbí, agbára yìí kì í ṣe ti àfihàn nìkan. Ẹni tó ń gún iyán fún ènìyàn mẹ́wàá mọ̀ pé ọwọ́ tó di ọmọ odó mú ló kọ́kọ́ ń rẹ̀, kí èjìká tó rẹ̀. Ẹni tó ń fi àdá ṣán oko, mẹkáníìkì tó ń tú nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà, ẹni tó ń fún aṣọ ìbora ńlá, akọpẹ tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ: ìdìmú ni gbogbo wọn ń jẹ.

Ìwé wo ni ká ya?

Èkìtì kì í fi ìwé ṣeré. Láti 1933 ni Christ's School ti wà ní Adó, ìdílé tí kò fi oko tàbí ọjà rán ọmọ lọ sílé ìwé sì ṣọ̀wọ́n ní ìlú wa. Àgbà tó bá rí ọ̀dọ́ tó ń fa ìwé ya lójúde yóò bínú, mo sì fara mọ́ ìbínú yẹn. Ìwé tí ẹnì kan ṣì lè kà, ẹ má ya á. Ẹ gbé e fún ọmọ àdúgbò tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ yín. Bíbélì, Kùránì, ìwé orin, ìwé àdúrà, ẹ má tilẹ̀ fi wọ́n kún un, bó ti wù kí wọ́n gbó tó. Bákan náà ni rìsíìtì, ìwé ilé ìwòsàn, àti èsì ìdánwò tí orúkọ ọmọ ọlọ́mọ wà lára rẹ̀.

Èyí tó yẹ ní yíya pọ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì lójú ọ̀nà Ìwòròkó, ní àgbègbè fásitì, àti àwọn tó wà nítòsí Federal Polytechnic ní Adó, ní pépà tí ẹ̀rọ bà jẹ́ lójoojúmọ́. Ilé ìtẹ̀wé a máa ní ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣì àti etí pépà tí wọ́n gé kúrò. Fọ́ọ̀mù tí àkókò rẹ̀ ti kọjá wà níbẹ̀, kàlẹ́ńdà ọdún tó lọ náà wà. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ní olówó tirẹ̀: alákàrà, ẹlẹ́pà àti àwọn tó ń sun bọ̀ọ̀lì ń rà á láti fi pọ́n ọjà, nítorí náà ẹ má retí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń wọ̀n ọ́n ní kílò. Kílò mélòó kan tó ẹ lò fún ọjọ́ gbọọrọ.

Ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù tí àwọn alágbára Amẹ́ríkà máa ń fà ya lórí ìtàgé, tí ojú ìwé rẹ̀ lè lé ní 1,000, kò sí lọ́jà wa. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Pépà rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti ìwé ìròyìn lọ, kò sì nípọn tó bí iye ojú ìwé rẹ̀ ṣe ń dẹ́rù ba ènìyàn. A4 lásán tó láti kọ́ gbogbo ohun tó wà nínú iṣẹ́ yìí.

Ẹ mọ pépà tó wà lọ́wọ́ yín

A4 tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì sábà máa ń jẹ́ gíráàmù 80 fún mítà kan níbùú lóròó. Ewé kan rẹ̀ wọn bíi gíráàmù 5. Ríìmù kan, ìyẹn 500 ewé, wọn kìlógíráàmù méjì àbọ̀, ó sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Nítorí náà, 100 ewé jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan, 50 jẹ́ ààbọ̀. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ má fi kíka ewé pa àkókò. Pépà ìwé ìròyìn fúyẹ́ ju èyí lọ, ó wà láàárín gíráàmù 45 sí 50. Pépà dídán bíi ti kàlẹ́ńdà àti ìwé ìròyìn aláwòrán wúwo jù, ó sì ń yọ̀, torí wọ́n fi nǹkan kun ojú rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ọwọ́ bá ti le.

Ohun kejì ni ọ̀nà tí okùn inú pépà gbà tò. Nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣe pépà, okùn igi tíntìntín inú rẹ̀ máa ń na ara sí ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń sáré sí. Ẹ mú ojú ìwé ìròyìn kan, ẹ ya á láti òkè wá sísàlẹ̀: yóò ya gbọọrọ. Ẹ tún ya òmíràn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì: yóò máa ṣẹ́ kọ́rọ́, ẹnu rẹ̀ a rí wúruwùru. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn ló wà nínú A4 náà, gígùn ni okùn rẹ̀ sábà máa ń bá lọ. Ẹni tó bá ya A4 ní òró, okùn ń ràn án lọ́wọ́; ẹni tó bá ya á ní ìbú, òun àti okùn ni wọ́n ń jà. Tí ìwé kan bá ń sá lọ sí igun ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fà á, ẹ má kọ́kọ́ bá ọwọ́ yín wí. Ẹ ya ewé kan ṣoṣo wò lọ́nà méjèèjì.

Ojú ọjọ́ náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Lásìkò òjò, pépà máa ń mu omi afẹ́fẹ́, á rọ̀, á máa fà bí ẹni má ya, ọwọ́ tó ń làágùn á sì tún máa yọ̀ lórí rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, ó gbẹ, ó ń ṣẹ́, ó sì tètè ń ya. Ìdí nìyí tí àwọn kan lókè òkun fi máa ń yan ìwé nínú ààrò kí wọ́n tó gbé e jáde fún òǹwòran. Fún ìdárayá, èyí kò ṣe nǹkan kan. Fún àfihàn, ẹ̀tàn ni, bí ti ẹni tó fi bíléèdì gé etí ìwé sílẹ̀ kó tó dé iwájú èrò. Ohun tó kan yín ni pé kí ẹ má fi 50 ewé oṣù kìíní wé 50 ewé oṣù keje. Ẹ tọ́jú pépà yín sínú ọ̀rá tí ẹ dì lẹ́nu, kí òṣùwọ̀n lè dúró síbi kan.

Ìdìmú

Kí ẹ tó fọwọ́ kan òkìtì pépà, ẹ fi ewé ìwé ìròyìn kan ṣoṣo mú ọwọ́ gbóná. Ẹ mú un ní igun kan, ẹ na apá síwájú, kí ẹ fi ìka ọwọ́ kan náà nìkan máa kó o wọlé títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di bọ́ọ̀lù nínú àtẹ́lẹwọ́. Kò gbọdọ̀ kan ara, kò gbọdọ̀ kan tábìlì. Ẹ fún un mọ́lẹ̀ kó le, kí ẹ tó sọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ní ẹ̀ẹ̀kẹta, apá á ti máa gbóná.

Ó wá kan òkìtì. Ẹ fi 10 ewé A4 bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú un ní àárín etí gígùn, kí ewé náà dojú kọ yín. Àtàǹpàkò méjèèjì wà ní ìhà tiyín, orí wọn kọjú síra, àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ìka ìfábẹ̀lá ká sẹ́yìn pépà, tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ìka náà, kì í ṣe orí rẹ̀, ni àtàǹpàkò ń tẹ pépà mọ́. Èyí ṣe pàtàkì gan-an. Orí ìka rọ̀, ó ń tẹ̀, ó sì ń yọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìka ní egungun lábẹ́, pépà a rí ibi le jókòó lé. Ìka mẹ́ta yòókù á wá ká pépà mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ìkúùkù méjèèjì á fẹ̀gbẹ́ kan ara.

Fún 10 sí 20 ewé, ẹ kò nílò ju kí ọwọ́ kan ti síwájú, kí ìkejì fà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ìgúnpá sún mọ́ ìhà. Tí ìgúnpá bá ṣí síta, èjìká á gba iṣẹ́ ṣe, ìka á sì tú.

Láti 30 ewé lọ, títì àti fífà nìkan kò tó mọ́, torí gbogbo ewé ló ń kọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ní láti ṣe é kí wọ́n máa gba ìyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni a ṣe ń ṣe é.

Ẹ mú òkìtì náà bí mo ṣe sọ, ṣùgbọ́n ẹ má tíì há a. Ẹ fi àtàǹpàkò ti àárín síwájú, kí ẹ fa orí méjèèjì wá sọ́dọ̀ ara yín, kí pépà tẹ̀ kòtò sí ìhà tiyín. Ẹ jẹ́ kí ewé yọ̀ lórí ara wọn bó ti ń tẹ̀. Ẹ wo etí òkìtì ní ọ̀tún àti òsì, kò ní dọ́gba mọ́, á dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ohun tí ẹ ń wá gan-an nìyẹn. Nígbà tó bá ti tẹ̀ dáadáa, ẹ wá há a pẹ̀lú gbogbo agbára ọwọ́, kí ewé kankan má lè yọ̀ mọ́. Láì tú ìdìmú náà, ẹ na òkìtì padà, kí ẹ sì kọjá ibi tó ti dọ́gba, kí orí méjèèjì máa lọ síwájú. Àwọn ewé tó wà ní ìhà tiyín ni kò ní àyè mọ́ láàárín ọwọ́ méjèèjì, torí inú kòtò ni wọ́n wà nígbà tí ẹ há wọn. Àwọn ló máa kọ́kọ́ le, wọn á ya. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn á le, wọn á ya. Títí kan èyí tó kẹ́yìn. Ẹ ó gbọ́ ọ: kì í dún lẹ́ẹ̀kan, ó ń ta kẹ́kẹ́kẹ́ láti ọ̀dọ̀ yín lọ sí ẹ̀yìn.

Àwọn kan ń jiyàn pé títẹ̀ yìí jẹ́ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́, pé alágbára tòótọ́ ní láti fà á bẹ́ẹ̀ láì tẹ̀ ẹ́. Mi ò gbà. Ẹni tí ìdìmú rẹ̀ kò le, bó tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́wàá, ewé á yọ̀ padà sí ipò wọn bó bá ti ń nà án. Híhá tó wà láàárín títẹ̀ àti nínà ni iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ ti ń le.

Tí ẹnu ibi tó ya bá ti wọlé tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ẹ dúró. Ẹ gbé ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀ súnmọ́ ìdí ibi tó ya, kí àtàǹpàkò tún fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kanra, kí ẹ tó ti ọwọ́ kan síwájú, kí ẹ fa ìkejì sẹ́yìn. Lẹ́yìn sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ tún sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ sílẹ̀ lókè, tó ń fẹ́ fi ìbínú parí rẹ̀, pépà náà á kàn máa lọ́ ni.

Nígbà tó bá di odidi ìwé

Ìwé yàtọ̀ sí òkìtì torí pé ó ní ìdí, ìyẹn ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù, òwú tàbí pínnì dè é. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣí èèpo líle kúrò, kí ẹ sì yọ gbogbo pínnì. Pínnì kan ṣoṣo lè ya awọ àtàǹpàkò débi tí ẹ kò ní lè ṣe nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ tún wo ẹ̀yìn rẹ̀: ìwé tí wọ́n fi òwú rán le ju èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ lọ fíìfíì. Ti gọ́ọ̀mù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kó má ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ.

Ẹnu ìwé, ìyẹn etí tó ṣí sílẹ̀, ni mo máa ń gba ẹni tuntun níyànjú láti ti bẹ̀rẹ̀. Ewé lè yọ̀ lórí ara wọn níbẹ̀, nítorí náà títẹ̀, híhá àti nínà á ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣiṣẹ́ fún òkìtì. Ẹ gbé ìwé dúró níwájú àyà, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, ìdí rẹ̀ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá ti ya á dé ìdí, ẹ yí ọwọ́ méjèèjì sí òdì kí gọ́ọ̀mù lè ṣẹ́.

Àwọn mìíràn fẹ́ràn láti ti ìdí bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ìdí kì í jẹ́ kí ewé tú ká. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdí kan náà kì í jẹ́ kí ewé yọ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣẹ́ gọ́ọ̀mù náà: ẹ tẹ ìwé sí iwájú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún ní ojú kan ṣoṣo, títí ẹ ó fi rí ìlà funfun lára ìdí. Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti wọlé.

Nǹkan tó sábà máa ń dojú rú kò pọ̀. Bí ìwé bá ń tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀ tí kò ya, ẹ kò há a kí ẹ tó nà án, tàbí ọwọ́ yín jìnnà síra jù. Bí ewé ìhà tiyín bá ya, tí ti ẹ̀yìn kò ya, àwọn ìka ẹ̀yìn ti tú; ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e ló sábà máa ń kọ́kọ́ tú. Bí ó bá jẹ́ igun nìkan ló ń já, ẹ kò mú àárín, tàbí okùn pépà ló ń darí yín. Bí àtàǹpàkò bá ń tẹ̀ sẹ́yìn ní oríkèé, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ dín ewé kù. Àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀ tàbí kó nà gbọọrọ; bó bá yẹ̀ sẹ́yìn lábẹ́ ẹrù, oríkèé ló ń jìyà, kì í ṣe ẹran.

Iye àti ìgbà

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì dára, torí ọjọ́ méjì ó kéré tán wà láàárín wọn. Ẹran apá tètè máa ń bọ̀ sípò, okùn iṣan kì í tètè bọ̀, òun ló sì ń gba ìyà ìdìmú jù. Ẹni tó ń fa ìwé ya lójoojúmọ́ á rí i pé ìgúnpá ti ń dùn ún kí ọwọ́ rẹ̀ tó le.

Ẹ wá iye ewé tó jẹ́ ààlà yín, ìyẹn èyí tí ẹ lè ya lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú gbogbo agbára. Ẹ má fi ààlà yẹn ṣe ìdárayá. Ẹ mú ìdá méje nínú mẹ́wàá rẹ̀: bí ààlà bá jẹ́ 40, ẹ lo 28. Ẹ ya á lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ sinmi ìṣẹ́jú méjì láàárín. Ẹ máa yí ọwọ́ padà: bí ọ̀tún bá ti síwájú lẹ́ẹ̀kan, kí òsì ti síwájú lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe èyí, apá kan á sì wá le ju ìkejì lọ.

Ọ̀nà kan wà tí kì í jẹ́ kí pépà ṣòfò. Bí ẹ bá ya 20 ewé sí méjì, ẹ kó ìlàjì méjèèjì lé ara wọn, ó di 40, ó sì kéré sí i. Ẹ ya ìyẹn náà, ó di 80. Bí ewé ṣe ń kéré, ibi tí ọwọ́ lè dì mú ń kéré, nínípọn sì ń pọ̀. Ẹni tó bá lè ya A4 20 ní ìgbà mẹ́ta báyìí láì sinmi ti ní ọwọ́ gidi. Ẹ fi 2 ewé kún un lọ́sẹ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ lo ọ̀sẹ̀ karùn-ún fún ìlàjì iṣẹ́, kí iṣan lè bá ẹran dọ́gba.

Páálí ìndómì tàbí ti ọṣẹ dára fún àyípadà. Ẹ wo inú rẹ̀, ẹ ó rí ìlà kéékèèké tó ká wọ́lọ́wọ̀lọ̀. Yíya tó bá bá ìlà náà lọ rọrùn. Èyí tó bá dá a kọjá ni ìdárayá. Ẹ gé e ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, ẹ fi ẹyọ kan bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó tò méjì léra. Káàdì títa náà wà níbẹ̀, ti 52 tàbí Whot, níwọ̀n ìgbà tó bá ti jẹ́ ti pépà. Èyí tó jẹ́ rọ́bà pátápátá kò ní ya, ìka yín ló máa ya. Káàdì kúrú, kò sí ibi tí ẹ máa tẹ̀ tó, nítorí náà yíyí ọrùn ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀: ọwọ́ kan há orí rẹ̀ kan, ìkejì há orí kejì, wọ́n sì yí sí òdì síra wọn. Ẹ fi 15 bẹ̀rẹ̀, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti ń ya ìwé tó nípọn.

Ohun tó ń gbè é lẹ́sẹ̀

Pépà nìkan kò tó. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rìn tó mítà 30, lẹ́ẹ̀mẹta. Omi inú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan wọn kìlógíráàmù 25, etí kẹ́ẹ̀gì sì ń jẹ ìka gan-an; ẹni tó ń pọn omi lórí òkè Adó ti ń ṣe èyí láì mọ̀ pé ìdárayá ni. Ẹ rẹ táwẹ̀lì ńlá sínú omi, kí ẹ fún un títí kò fi ní kán mọ́, ẹ yí ọwọ́ padà, kí ẹ tún ṣe é.

Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ fò ni ṣíṣí ọwọ́. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ ń ká ìka wọlé. Ẹran tó ń na ìka síta wà ní ẹ̀yìn apá, kì í sì í rí iṣẹ́ ṣe. Ẹ mú rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó, ẹ fi í yí orí ìka márààrún ká, kí ẹ máa ṣí ọwọ́ tako ó, 20 lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn gbogbo ìdárayá. Bí ẹyọ kan bá ti rọrùn, ẹ fi ìkejì kún un. Ìrora tó máa ń jẹ ìgúnpá ní ìta tàbí nínú sábà máa ń dé bá ẹni tó fo èyí. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí dunni nígbà tí ẹ bá gbé ife omi lásán, ẹ sinmi pátápátá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá lọ, tàbí tí ìka bá ń kú tipiri lóru, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ má sé èémí. Bí ẹ bá ń há ìwé, ẹ máa mí síta láàárín eyín. Èémí tí a sé pẹ̀lú agbára máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ru sókè lójijì. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tàbí tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ rí, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Fún ọwọ́ tó ń làágùn, ẹ lọ ẹfun tàbí ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé kúnná, ẹ fi díẹ̀ ra ìka, kí ẹ gbọn èyí tó kù dànù. Bó bá pọ̀ jù, òun fúnra rẹ̀ á máa yọ̀. Ẹ gé èékánná kúrú. Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi òrí pa àlàfo àárín àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá, torí ibẹ̀ ni pépà ti máa ń bó ènìyàn. Etí pépà tuntun máa ń gé ọwọ́. Bí ó bá gé yín, ẹ bò ó kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, pàápàá bí ìwé náà bá ti pẹ́ nínú eruku.

Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ kò ní ya. Ẹ kọ ọjọ́, irú pépà, iye ewé tàbí nínípọn rẹ̀, àti ọ̀nà tí ẹ ya á, ní òró tàbí ní ìbú. Láìsí nǹkan mẹ́rin yìí, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ọwọ́ ló le sí i tàbí ọyẹ́ ló dé.

Ní ti pépà tó ti ya, ẹ má dà á sínú gọ́tà. Òjò ìgboro Adó kò nílò ìrànlọ́wọ́ láti kún. Ti ìwé ìròyìn wúlò fún ẹni tó ń sin adìyẹ, á gé e wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ sábẹ́ òròmọdìyẹ. A4 àti páálí lè bọ́ sínú ààtàn oko láti jẹrà, bí ẹ bá ti yọ gbogbo sẹ́lótéèpù kúrò lára rẹ̀. Èyí tó dán, ẹ kó o padà fún àwọn tó ń ra pépà ní kílò.